Ẹ Yọ Owó Ìwádìí Nínú Owó Lithium

Ẹni tó ń gbé Mararaba tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ l'Abuja, Ìpínlẹ̀ Nasarawa ló ń sùn. Ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti ń wa òkúta lithium, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, tí gbogbo ayé ń wá kiri. Ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé ẹni bá fẹ́ wa á gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nílẹ̀ yìí, kó má kàn di òkúta sọ́kọ̀ lọ sókè òkun. A fara mọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fòfin ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó tí ìjọba ń gbà lórí lithium, kó máa lọ tààrà sí àwọn yàrá ìwádìí tó wà ní Sheda (ibùdó sáyẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀ lágbègbè Abuja), Gwagwalada, Keffi àti Lafia.

Ẹ wo bátìrì fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Lọ́dún 1976, ọdún tí ìjọba ológun fi òfin sọ Abuja di olú-ìlú tuntun, Stanley Whittingham tó ń ṣiṣẹ́ ní Exxon l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí bátìrì lithium tó ṣeé gba iná sí léraléra. Iléeṣẹ́ epo ni Exxon o. Epo ti gbówó lórí nígbà náà, wọ́n sì ti ń ro ohun tí wọn yóò máa ṣe lọ́jọ́ tí epo bá dínkù. Àwa náà ń gbowó epo nígbà yẹn, owó ńlá. A fi dá yunifásítì sílẹ̀ ní Jos, Maiduguri àti Sokoto, ó sì dára bẹ́ẹ̀. A tún fi ra sìmẹ́ǹtì tó dí èbúté Èkó pa. Àmọ́ a kò bọ́ yàrá ìwádìí àwọn yunifásítì náà bó ṣe yẹ.

Bátìrì Whittingham máa ń gbiná. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, Exxon pa iṣẹ́ náà tì. Yunifásítì ni kò jẹ́ kó kú. Ní Oxford lọ́dún 1980, John Goodenough àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé èròjà kan tó ń jẹ́ cobalt oxide lè gba lithium sáàárín àwọn ìpele rẹ̀, agbára bátìrì sì kúrò ní fólítì 2 bọ́ sí 4. Ní 1985, Akira Yoshino ní Japan yọ ògidì lithium kúrò, ó fi èròjà kábọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀, ewu iná sì lọ sílẹ̀ gan-an. Ọdún 1991 ni Sony gbé e dé ọjà. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, Goodenough ti pé ẹni ọdún 97. Ká ní níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni, a ò bá ti bi wọ́n pé èló ló máa wọlé lọ́dún yìí.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe l'Abuja. Wọ́n á bó ike bátìrì tó ti kú, wọ́n á fa àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ yọ, wọ́n á fi mítà wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣì dára, wọ́n á jó wọn pọ̀, ó di bátìrì sólà nìyẹn, ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká tuntun á rà á. Ojú ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn ìdí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń wú, tàbí ìdí tó fi ń bú gbàmù. Irú àwọn ọmọ yìí ló yẹ kó máa wọ yàrá ìwádìí Sheda.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ebi ló ń pa wá. Ẹ rántí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa. Ìkòkò amọ̀ kékeré ló gbé sínú ńlá, ó da iyanrìn tútù sáàárín méjèèjì, ó fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi inú iyanrìn ṣe ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ló ń gbé ooru lọ, tòmátì àti ata sì ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìjẹrà, láìsí iná mànàmáná. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní 2000. Ebi náà ni sáyẹ́ǹsì yẹn bá jà.

Lóòótọ́, owó gidi ni yóò ná wa. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n kí owó náà má di kọngílá tí wọ́n fi ń mọ ògiri kí gómìnà lè wá gé ríbọ́ọ̀nù. Iná tí kì í lọ ni kí wọ́n fi rà, kẹ́míkà, ẹ̀rọ, àti owó oṣù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí. Oṣù 8 ni ASUU fi yanṣẹ́ lódì ní 2022. Kò sí ìwádìí tó ń fẹ́ àmójútó ojoojúmọ́ tó lè dúró de ìyẹn. Kí wọ́n sì máa tẹ àkọsílẹ̀ ìnáwó rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kí aráàlú rí i kà.

Lithium wà ní Nasarawa, ó wà ní Kwara, Kogi, Ekiti àti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú. À ń fẹ́ kí àwọn sẹ́nétọ̀ àti aṣojú-ṣòfin ìpínlẹ̀ márààrún yìí jọ gbé àbá òfin náà wá síwájú ilé kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi wọn tó ń bọ̀.