Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Oníbẹ́líìtì Wúrà

Ẹ kú oríire o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ogun àjàṣẹ́. Mo rí yín nínú ọkọ̀ ojú irin Jubilee tó ń lọ sí North Greenwich, lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn WWE, iléeṣẹ́ ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, tún pàtẹ sí gbọ̀ngàn O2, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún yín pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí. Nínú kóòṣì kan ṣoṣo, àwọn márùn-ún ló gbé bẹ́líìtì wúrà tí wọ́n ń fún ẹni tó bá borí kọ́ èjìká, olúkúlùkù wọn sì ni ọ̀gá pátápátá lágbàáyé. Mo wò yíká kí n lè mọ ẹni tí wọ́n lù kí wọ́n tó gbà á. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ka Bíbélì. Àwọn ọmọléèwé méjì ń jẹ ọ̀dùnkún díndín. Ó wá ku èmi. Mo yáa fa àpò mi mọ́ra, torí bó bá ku ẹnì kan tí wọn ò tíì dá lulẹ̀ nínú kóòṣì yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ wa ni. N kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ tí mo ti mọ̀. Kò kọlà, ṣùgbọ́n ikùn yẹn, àmàlà Peckham ló kọ́ ọ. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n kọ YEET, igbe oníjàkadì wọn kan, gàdàgbà sí láyà. Bẹ́líìtì tirẹ̀ ló wú mi lórí jù. Bọ́tìnnì ìtẹ̀ ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ìdí, àwọn tó ṣe é kò sì rò ó pé ẹni tó ń jẹ iyán lè rà á. Ní Canada Water, ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi orúnkún tì í ní ìbàdí, ó fà á, ó fà á. Apá ọ̀tún bẹ́líìtì ń wá apá òsì, wọn ò ríra. Ọkùnrin wa fa èémí sínú, ó fún ẹnu pọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Bọ́tìnnì kan mú. A fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Kò mí mọ́ títí ó fi ku díẹ̀ ká dé Canary Wharf. Ìgbà tó wá mí, bọ́tìnnì ta pàù, bẹ́líìtì fò, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ obìnrin oníbíbélì. Ó tọrọ gáfárà, ó gbé e, ó mí hàà sí i lójú, ó fi apá aṣọ nù ún, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú wúrà náà, ó tún nù ún. Ó wá jókòó, ó sì gbé bẹ́líìtì náà jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó gbé e jókòó. Ìyá arúgbó kan wọlé ní Canary Wharf, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí àga. Bẹ́líìtì rí àga. Bí ọkọ̀ ṣe ń yà síbí yà sọ́hùn-ún, ìyá ń di irin mú, bẹ́líìtì jókòó pẹ̀sẹ̀. Èmi tí orúnkún ń dùn ni mo dìde.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe ìlara. Ohun tó wọ́n la máa ń gbé jókòó. Ẹ̀dà bẹ́líìtì yẹn lé ní £300 nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ̀dà ni mo pè é o. Ojúlówó wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n sì máa ń kan àmì onítọ̀hún mọ́. Bí ẹlòmíì bá dá a lulẹ̀, wọ́n á yọ tirẹ̀, wọ́n á kan ti ẹni tuntun. Àmì Cody Rhodes, ọ̀kan nínú àwọn oníjàkadì wọn, ló wà lára ti ọkùnrin wa. Ẹ bá mi wò ó: àmì ọmọ Amẹ́ríkà kan tí kò mọ̀ ọ́n rí, lórí ikùn tí òun fúnra rẹ̀ fi owó iṣẹ́ òru bọ́ títí tó fi tóbi.

Ẹ má bi mí ohun tí èmi ń wá níbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ló ní kí n sin òun, ìyá rẹ̀ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo sì jókòó jẹ́jẹ́ mi.

Ilé ìtọ̀ O2 ni mo ti tún pàdé akọni wa. Kò gbé bẹ́líìtì sílẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rárá, màá sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dí, èjìká rẹ̀ ń yọ̀, ó wá fi eyín di awọ bẹ́líìtì mú. Ó dúró bẹ́ẹ̀, wúrà rẹpẹtẹ ń fì lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń tọ̀. Ó yíjú, ó rí mi. Ọmọ Yorùbá ni, kò lè rí àgbà kó má kí i. Ó ní, “Ẹ ú iọ̀ẹ́, à.” Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Dúró bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Mo ti gbà á.”

Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni pé mo mọ ọkùnrin yìí. Àjọ £100 lóṣooṣù tí mò ń bá àwọn ará wa kó ní gúúsù London, ó wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ló ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Bàbá, ẹ fọwọ́ wọ́nú, nǹkan le, owó iná, owó ilé.” Nǹkan le lóòótọ́. Mo fojú ara mi rí i, wúrà ni wọ́n fi bò ó.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú gbọ̀ngàn. Ẹni tó ń kéde á ní ìjà yìí, ìṣubú kan ṣoṣo ni, gbogbo O2 á sì ké “One fall!” dá a lóhùn. Gbogbo ìjà ni wọ́n ń ké e, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Ọmọ ọmọ mi ní báwọn ará Britain ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé kí n má dójú ti òun. Jey Uso, oníjàkadì tó ni igbe YEET yẹn, gba àárín èrò wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn gbé ọwọ́ sókè, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, sókè, sílẹ̀. Ọkùnrin wa wà níwájú mi. Ẹni tí kì í lè gbé ọwọ́ sókè nígbà orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní èjìká ń yọ òun lẹ́nu! Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ikùn ń bá a ká a. Nígbà tó wá kan Cody, tí gbogbo ilé ké “Whoa,” tí Cody gbé bẹ́líìtì rẹ̀ sókè nínú ríìngì, tiwa náà gbé tirẹ̀ sókè níbi tó jókòó sí. Ó yíjú sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, omijé lójú rẹ̀, ó ní, “Ó rí mi. Ó wò mí.”

Kò wò ọ́. Irọ́ ni. Iná ojú ríìngì ò jẹ́ kí Cody rí ìlà kẹta, áńbọ̀sì ibi tí ìwọ wà lókè lọ́hùn-ún. Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́? Ìwọ tó ní ọmọ méjì ní yunifásítì?

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ni eré yìí ti jẹ́wọ́ tipẹ́. Lọ́dún 1989, ilé-iṣẹ́ Vince McMahon sọ fún àwọn aṣòfin New Jersey pé eré ìnàjú lásán làwọn ń ṣe, kì í ṣe ìdíje gidi, torí wọn ò fẹ́ san owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìdíje, wọn ò sì fẹ́ kí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ṣẹ́ kíkàn máa yọjú sọ́rọ̀ wọn. Owó ló mú òótọ́ jáde lẹ́nu wọn. Bí mo bá sọ èyí fún àwọn oníbẹ́líìtì, wọ́n á rẹ́rìn-ín mi: “Bàbá, a mọ̀. Adùn rẹ̀ nìyẹn.” Ẹ mọ̀? Ó dáa. Èmi náà wo alárìnjó ní kékeré. Wọ́n pa ọba lójú agbo, a sunkún, a sì lọ sílé lọ jẹ ẹ̀bà. Kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ra adé ọba náà, kó wá dé e lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì. (Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: àwọn tó ń fowó ra oyè ńkọ́? Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Bẹ́líìtì tí èmi mọ̀ ní kékeré, ti bàbá mi ni, ẹ̀yìn mi ni mo sì fi ń gbà á. Ìjàkadì náà ló sábà máa ń fà á. Ilé kan ṣoṣo ló ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wa, ojú fèrèsé wọn la ti ń yọjú wo Power Mike Okpala, ọmọ Neni, àti Power Uti tó tẹ̀lé e. Bí mo bá ti délé báyìí, màá gun ògiri, màá fò lé àbúrò mi láyà, ariwo á sọ, bàbá mi á sì tú bẹ́líìtì. Kò sí bọ́tìnnì ìtẹ̀ lára ti bàbá mi. Kò sì sẹ́ni tó ń gbé e jókòó. Ìjàkadì kì í sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn wá. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ bi wọ́n. Ẹni tó bá lọ wòran gídígbò láyé àtijọ́, ekuru ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbé bọ̀ wálé.

Àwọn tí ẹ ń náwó lé lórí yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ojú tí wọ́n fi ń wò yín? Ní WrestleMania, eré wọn tó tóbi jù lọ́dún, ti ọdún 2021, ní Tampa, wọ́n ṣe ìjà kan tí wọ́n sọ ní “Nigerian Drum Fight.” Wọ́n to ìlù yí ríìngì ká, wọ́n gbé agogo ńlá síbẹ̀, wọ́n sì kó igi kendo sí i. Igi kendo, ti Japan! Ìlú wo ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ń fi igi Japan na ara wọn láàárín ìlù? Kí wọ́n júwe ibẹ̀ fún mi, kí n lọ bá wọn ṣọdún. Apollo Crews, oníjàkadì wọn tó dàgbà ní Georgia ní Amẹ́ríkà, ló ṣàdédé ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé iṣu sẹ́nu, ó gbé ọ̀kọ̀ dání, ó ní ìdílé ọba lòun ti wá. Ẹ̀ṣọ́ òmìrán kan tó yọ láti bá a ṣẹ́gun Big E, ẹni tí wọ́n jọ ń jà, Commander Azeez ni wọ́n pè é. Orúkọ ọkùnrin náà gan-an ni Babatunde Aiyegbusi, Poland ni wọ́n bí i sí. Orúkọ bàbá ẹni wà ńlẹ̀ rẹ̀ǹtẹ̀rẹǹtẹ, wọ́n pa á tì, wọ́n ní Azeez! Àwọn ará wa sì ń fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi, wọ́n to àsíá Nàìjíríà sídìí rẹ̀, wọ́n ní “A ti dé ibẹ̀.”

Ti Oba Femi yàtọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kan ọmọ yẹn níwájú mi. Isaac Odugbesan lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Èkó, tó lọ ń ju ọta irin fún Yunifásítì Alabama kó tó wọ ríìngì. Nígbà tó gba bẹ́líìtì NXT, ẹ̀ka WWE tí àwọn tuntun ti ń jà, ní oṣù kìíní ọdún 2025, mo dìde dúró ní pálọ̀ mi. Ó gbà á ni o, kò rà á. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí bóyá wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ló máa gbà á, kí onítọ̀hún lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Ìfẹ́ tí ẹ ní sí àwọn WWE, wọn ò ní in sí yín. Ní Cardiff, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, èèyàn tó lé ní 62,000 ló kún pápá ìṣeré láti wo Drew McIntyre, ọmọ Scotland, kó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Roman Reigns lórí ilẹ̀ Britain. Ẹni tí kò sí nínú ìjà yọ wá fa rẹfirí jáde nínú ríìngì, wọ́n sì lu Drew mọ́lẹ̀ níwájú ará ilé rẹ̀. Tyson Fury, akànṣẹ́ ọmọ Britain, wá gba gbohùngbohùn, ó ń bá a kọrin, gbogbo pápá ń gbè é. Wọ́n fi orin sìn wọ́n délé, wọ́n sì tẹ̀lé e. Èmi tí ọ̀rọ̀ yìí ò kàn, inú bí mi di ọjọ́ kejì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, John Cena, ìlúmọ̀ọ́ká oníjàkadì wọn, yọ sí wọn ní O2, ó ní òun wá torí kí WrestleMania lè wá sí London. Ariwo sọ, àwọn àgbàlagbà ń dì mọ́ra wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n kéde pé Riyadh, ní Saudi Arabia, ni wọ́n máa gbé ti ọdún 2027 lọ. Ẹ̀yin ń ké “One fall” ní tiyín.

Ìwọ ọkùnrin wa, mo mọ̀ pé wàá ka èyí, torí ọ̀rẹ́ rẹ tó fi orúnkún tì ọ́ máa fi ránṣẹ́ sí ọ. N kò dárúkọ rẹ, n kò sì ní dá a. Ìyá tí owó kàn lóṣù yìí ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ sílé, ojoojúmọ́ ló ń pè mí. Sátidé la máa kó àjọ, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilé mi. Owó ni kí o mú wá. Mi ò gba ẹ̀dà.