Irọ́ Ni Pé Nǹkan Kan Kì Í Ṣẹlẹ̀ Nínú Anime Ìfẹ́

Ẹ lọ síbi tí àwọn ọ̀dọ́ Akọka àti Yábàá ti ń da fíìmù sí fláàṣì fún ara wọn, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń bèèrè: Naruto, One Piece, Attack on Titan, Jujutsu Kaisen. Bí ẹnì kan bá dárúkọ anime ìfẹ́, ìyẹn fíìmù àwòrán Japan tó dá lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, láàárín wọn, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Wọ́n á ní tàwọn ọmọbìnrin nìyẹn. Wọ́n á ní àwọn méjì á kàn máa wo ara wọn, ojú á máa tì wọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa pọ́n, apá 24 á parí láìdi ọwọ́ ara wọn mú. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ́pọ̀ débi pé ẹni tí kò tíì wo ẹyọ kan rí ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti wo gbogbo rẹ̀.

Ti pé "tàwọn ọmọbìnrin ni" kò gba àkókò. Ní Japan, inú manga, ìyẹn ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ nínú ìwé, ni ọ̀pọ̀ anime ti ń wá, inú ìwé àtìgbàdégbà sì ni manga ti kọ́kọ́ ń jáde. Ìwé kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tó ń tà fún: shōnen fún ọmọkùnrin, shōjo fún ọmọbìnrin, seinen fún ọkùnrin tó ti dàgbà, josei fún obìnrin tó ti dàgbà. Òǹkàwé ni orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tọ́ka sí. Wọn kò sọ irú ìtàn tó wà nínú ìwé. Your Lie in April jáde nínú Monthly Shōnen Magazine, ìwé ọmọkùnrin. Kaguya-sama: Love Is War, tí Aka Akasaka bẹ̀rẹ̀ ní 2015, inú Weekly Young Jump ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, ìwé ọkùnrin àgbà sì ni. Maison Ikkoku tí Rumiko Takahashi kọ láti 1980 sí 1987, inú Big Comic Spirits ló ti jáde, ìwé ọkùnrin àgbà náà ni. Takahashi yìí kan náà ló kọ Inuyasha, tí àwọn olólùfẹ́ idà àti àǹjọ̀nnú ti wò láìbèèrè ọwọ́ ẹni tó ti wá.

Ti pé nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ ló gba àlàyé. Nínú anime ìjà, ojú lásán ń rí ìyípadà: irun akọni yí àwọ̀, agbára tuntun jáde, ọ̀tá ṣubú. Nínú anime ìfẹ́ tó dára, inú ẹ̀dá ìtàn ni ìyípadà ti ń wáyé, ìpinnu tó bá ṣe la sì fi ń mọ̀. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá ní orúkọ fún iṣẹ́ òǹkọ̀wé níbẹ̀: ìfiwàwẹ̀dá. Kí ni ẹni yìí ń fẹ́? Kí ló ń bà á lẹ́rù? Nígbà tí ohun tó ń fẹ́ àti ohun tó ń bà á lẹ́rù bá forí gbárí, èwo ló yàn, kí ló sì pàdánù? Ìfẹ́ ló máa ń mú kí méjèèjì forí gbárí, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti fà sí ènìyàn kò lè sá pamọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Toradora!, apá 25, tí J.C.Staff ṣe láàárín 2008 àti 2009. Ojú Ryuji le bíi ti baba rẹ̀ tó jẹ́ jàǹdùkú, nítorí náà àwọn ọmọ kíláàsì ń sá fún un. Nílé, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń dáná, torí ilé ọtí ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lóru. Taiga kéré, ó ń gbé idà onígi kiri, òun nìkan ló sì ń gbé nínú ilé ńlá kan tí àwọn òbí rẹ̀ fi í sí. Ó fi lẹ́tà ìfẹ́ sínú báàgì ẹni tí kò yẹ, ìyẹn Ryuji, ó wá lóru láti fi idà lu ẹni náà kó lè gbàgbé, ebi sì dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ìrẹsì díndín ni Ryuji fi jí i. Títí dé ibí, àwàdà ni.

Nígbà tó bá di apá 11, baba Taiga yọjú, ó ní òun fẹ́ mú ọmọ òun padà. Taiga kọ̀. Ryuji ló ń rọ̀ ọ́ pé kó gbà. Minori, ọ̀rẹ́ Taiga, bínú débi pé ó bá Ryuji jà, torí ó ti rí i rí bí baba náà ṣe ń dalẹ̀ ọmọ. Ó wá di ọjọ́ àjọ̀dún ilé ìwé, Taiga dúró títí, baba kò wá. Ẹ wò ó dáadáa: ta ló ṣẹ̀? Ryuji kò ní baba nílé. Ohun tó ti ń wù ú láti kékeré ló gbé ka orí Taiga, ó rò pé Taiga lòun ń ràn lọ́wọ́. Àṣìṣe náà ti ibi tó ń dun òun fúnra rẹ̀ wá, kò sì sí ẹlòmíì nínú ìtàn náà tó lè ṣe irú rẹ̀.

Ibẹ̀ la ti rí òṣùwọ̀n tó ṣeé gbára lé jù. Ẹ mú ẹ̀dá ìtàn kan kúrò, kí ẹ fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá ṣì lè ṣẹlẹ̀ bó ṣe rí, ìfiwàwẹ̀dá kò lágbára. Bí gbogbo rẹ̀ bá wó, òǹkọ̀wé mọ iṣẹ́.

Maison Ikkoku yóò tètè yé ẹni tó bá ti gbé Mushin tàbí Ṣómólú. Ilé náà dà bí ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ: gbogbo ayálégbé ló mọ ọ̀rọ̀ gbogbo ayálégbé, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ lu ògiri kó lè máa wọ yàrá aládùúgbò rẹ̀. Godai ń gbìyànjú àtiwọ yunifásítì, kò rówó. Kyoko tó ń bójú tó ilé jẹ́ opó, ọmọdé opó tí ọkọ rẹ̀ kú láàárín ọdún kan ìgbéyàwó wọn. Baba ọkọ ló ni ilé, òun fúnra rẹ̀ sì ń rọ̀ ọ́ pé kó tún ọkọ fẹ́. Ohun tí Takahashi ṣe sí òkú náà ló fa àwa mọ́ra jù. Kò jẹ́ ká rí ojú rẹ̀ láéláé; gbogbo ìgbà tí àwòrán rẹ̀ bá yọ, òjìji ló bo ojú náà. Orogún tó wà láàyè á ṣi ẹsẹ̀ gbé lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n òkú kò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé mọ́. Báwo ni Godai yóò ṣe borí ẹni tí kò lójú? Ọ̀nà tó gbà yanjú rẹ̀ wà lápá ìparí, a kò ní sọ ọ́ níbí, àmọ́ kì í ṣe nípa mímú kí obìnrin gbàgbé ọkọ rẹ̀.

Àwọn tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun, Spice and Wolf ni tiwọn. Lawrence jẹ́ oníṣòwò tó ń ti ìlú dé ìlú. Holo jẹ́ ìkookò tó gbé àwọ̀ ọmọbìnrin wọ̀, tó sì ti ń ṣọ́ oko àlìkámà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Ìtàn àkọ́kọ́ dá lórí owó fàdákà kan tí wọ́n ń sọ pé fàdákà inú rẹ̀ fẹ́ pọ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé ó ń dín kù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra dọ́là lówùúrọ̀ tó sì rí iye rẹ̀ nírọ̀lẹ́ á mọ ohun tó ń lọ. Holo fi òórùn èso ápù sára awọ ẹranko kí iye rẹ̀ lè gòkè, ẹnu sì ya Lawrence tó pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì. Ìnájà wọn gan-an ni ìfẹ́ wọn. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀rín yẹn, Holo mọ̀ pé òun yóò sin ín, tí òun yóò tún padà dá wà.

Ohun kan wà tí àwa Yorùbá ń rí níbẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì abẹ́ àwòrán máa ń gbé mì: bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Àwọn ará Japan ń fi -san, -kun tàbí -chan mọ́ orúkọ. Ẹni tó bá pe orúkọ lásán ti wọ inú ilé. Àwa mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ẹni tó ń pe ènìyàn ní "ẹ" lánàá bá sọ "o" sí i lónìí. Kanrinin-san, alábòójútó ilé, ni Godai ń pe Kyoko fún ìgbà pípẹ́, bí a ṣe máa ń fi ipò pe ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ. Nínú Toradora!, Ryuji ń pe Taiga láìfi nǹkan kan kún un. Ohùn Japan ni kí ẹ fi wò ó, kí ẹ sì fetí sí orúkọ ju ọ̀rọ̀ yòókù lọ.

Lóòótọ́, èyí tí kò dára pọ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára ọmọkùnrin tí kò ní iṣẹ́, tí kò ní ìwà, tí ọmọbìnrin márùn-ún sì ń jà lé lórí láìsí ìdí. Àti lára àìgbọ́ra-ẹni-yé tí gbólóhùn kan ṣoṣo ìbá ti yanjú ní apá kejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìfàsẹ́yìn ni àṣìṣe. Nínú Kimi ni Todoke, Sawako kò mọ̀ pé Kazehaya fẹ́ràn òun, ó sì pẹ́. Ọmọ tí wọ́n ń fi orúkọ òkú inú fíìmù ẹ̀rù pè láti kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣeré, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ìfẹ́ jọ? Ìwà rẹ̀ ló fa ìdádúró náà, kì í ṣe òǹkọ̀wé tó ń wá bí apá yóò ṣe pọ̀.

Ẹni tó ń ti orí ìjà bọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kaguya-sama, apá 12 ní ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, 2019. Méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ ẹnìkejì ló pàdánù, asọ̀tàn á sì kéde ẹni tó borí. Ìgbéraga ọmọkùnrin náà ń bo òṣì ilé wọn mọ́lẹ̀, ti ọmọbìnrin náà sì ti ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ pé kó má fọkàn tán ẹnikẹ́ni wá. Horimiya ti 2021, apá 13, dára fún ẹni tí sùúrù rẹ̀ kéré, torí wọ́n tètè di olólùfẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́n fún manga gígùn mọ́ àyè kékeré, àwọn ọ̀rẹ́ wọn kò sì rí àyè tó. Ẹ má fi Fruits Basket ti 2001 rọ́pò ti 2019 sí 2021: apá 26 ni ti àkọ́kọ́, ó parí kí manga tó parí, apá 63 ti ìkejì ló sọ ìtàn náà délẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ Clannad láti After Story, ọ̀wọ́ rẹ̀ kejì, torí ẹkún inú rẹ̀ kò ní yé ẹni tí kò wo ti 2007.

Apá kan sábà máa ń gba bí ìṣẹ́jú 24. Nínú sún-kẹẹrẹ láti Ìkòròdú sí TBS, ọkọ̀ BRT kan lè gba apá mẹ́ta. Òfin pé bí apá mẹ́ta kò bá dùn kí a pa á tì kò bá irú ìtàn yìí mu. Ẹ fún un ní mẹ́fà. Ẹ má sì mú un sáré ní ìlọ́po kan àbọ̀, torí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Bí ẹ bá dé apá 11 sí 13 nínú Toradora!, ẹ fi Ryuji sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa wo ojú Minori láti ìgbà tó bá ti gbọ́ pé baba Taiga ti padà wá.