Kì í Ṣe Amusìgá Nìkan Ni Èémí Ń Há Mọ́ Láyà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé sìgá nìkan ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ débi tí ènìyàn kò fi ní lè mí dáadáa mọ́. Òótọ́ ni pé sìgá burú, òfin tí Nàìjíríà sì ṣe ní ọdún 2015 láti kápá tábà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó ni sìgá ti ń fa ohun tó lé ní ìdá 70 nínú 100 àìsàn COPD, ìyẹn àìsàn tó máa ń dí ọ̀nà èémí díẹ̀díẹ̀, tí kì í sì í ṣí padà tán. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ìdá 30 sí 40 péré ni. Kí ló wá ń ṣe àwọn yòókù?

Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín àwọn tó ti tó ẹni 40 ọdún sókè. Wọ́n ní kí olúkúlùkù fa èémí sínú títí àyà yóò fi kún, kí ó sì fẹ́ ẹ jáde tagbáratagbára sínú ẹ̀rọ tó ń wọn iye afẹ́fẹ́ tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ àti àpapọ̀ rẹ̀. Nínú 1,000 ènìyàn, ọ̀nà èémí nǹkan bí 77 ti dí, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí 3 péré nínú 1,000 ló sọ pé dókítà ti sọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ fún òun rí. Àwọn tó ti ṣe ikọ́ ife rí, àwọn tó ní ásímà àti àwọn tí kò kàwé ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ìwádìí yìí kò rí i pé igi ìdáná ló fà á níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, kí a má ṣe yọ sìgá kúrò kí a tún wá di gbogbo ẹ̀bi ru ààrò.

Ọ̀rọ̀ ikọ́ ife yìí ló ká mi lára jù. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fún aláìsàn ní oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kòkòrò yóò kú, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n àpá tí àìsàn náà dá sí ẹ̀dọ̀fóró lè wà níbẹ̀ títí láé. Bí èémí bá tún ń há mọ́ ọn láyà lẹ́yìn náà, wọ́n lè sọ pé ikọ́ ife ló padà dé, tàbí pé ọjọ́ orí ló ń bá a jà. Ó yẹ kí ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó bá parí oògùn ikọ́ ife fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ yìí, kí ẹ̀rọ náà sì wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n lò.

Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ínhélà, ìyẹn oògùn tí aláìsàn máa ń fà símú ẹ̀dọ̀fóró láti ẹnu kí ó lè mí dáadáa, kò yẹ kó jẹ́ ohun tí yóò máa fi owó àpò ara rẹ̀ rà, nítorí pé ẹni tí owó bá ń há fún yóò máa ṣọ́ ọ lò, yóò fi í pamọ́ di ìgbà tí èémí bá fẹ́ bọ́, nígbà tó sì jẹ́ pé lílo èyí tí dókítà ní kó máa lò déédéé ló lè dín irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ kù.