Ilẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹran ìgbẹ́ pọ̀ sí: ṣé kí iná jó o, àbí kó má jó o?

Onílẹ̀ Ìdí-Odò:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ hẹ́kítà 20 ló wà lọ́wọ́. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀dàn, koríko ibẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ. Ìdajì yòókù jẹ́ igi àti ìtàkùn, odò kékeré kan sì là á kọjá. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí òyà, àgbọ̀nrín, ẹtu àti àparò máa gbé ibẹ̀, kí ọdẹ sì lè máa mú ìwọ̀nba lọ́dọọdún láìpa wọ́n run. Àwọn kan ní kí a máa sun ún lọ́dọọdún. Àwọn kan ní iná ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa dá sí i.

Apẹran:
Ẹ sun gbogbo rẹ̀. Koríko tó ti gbó, tó ti gbẹ, kò lóúnjẹ nínú, ẹran kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Tí iná bá kọjá níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta èéhù tútù á ti máa yọ, òjò ì báà má rọ̀, torí omi ṣì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ fún gbòǹgbò. Èéhù yẹn ni àgbọ̀nrín ń jáde wá jẹ. Iná a tún máa dín eégbọn kù. Ilẹ̀ tí wọn ò bá sun fún ọdún mẹ́rin márùn-ún, koríko á dì débi pé ẹran gan-an ò ní í rí ọ̀nà gbà.

Ìyá Ẹgàn:
Apẹran, èmi ò gbà. Èéhù ò ju oúnjẹ ìgbà díẹ̀ lọ. Igi tí iná pa ńkọ́, ọdún mélòó ni kó tó rọ́pò? Lọ́dún 1929, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní igbó ọba Olókèméjì. Wọ́n ya ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀. Wọ́n ń sun ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, wọn ò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta. Èyí tí iná ò dé di igbó. Èyí tí wọ́n ń sun lópin ẹ̀ẹ̀rùn di ọ̀dàn, ìwọ̀nba igi tó lè fara da iná ló kù síbẹ̀. Ẹtu kì í gbé gbangba. Abẹ́ igi ló ti ń ṣa èso tó bá jábọ́ jẹ. Ẹ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ kó di igbó.

Ọlọ́nà-Iná:
Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ nípa Olókèméjì, ṣùgbọ́n ẹ fo ilẹ̀ àkọ́kọ́ dá. Ibi tí wọ́n ń sun níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, igi pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ìgbà tí iná jó ló ṣe pàtàkì. Níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí koríko ṣì tutù, iná á jó ibí, á fo ọ̀hún. Tó bá di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ewé gbígbẹ ti kún ilẹ̀, gbogbo nǹkan ti gbẹ fọ́ńfọ́ń, iná á sì pa igi kéékèèké dé gbòǹgbò.

Apẹran, ibi tí mo ti bá ẹ jà ni "gbogbo rẹ̀" tó o sọ yẹn. Ilẹ̀ tó bá jó tán lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ á wà, ibi tí ẹran máa sá sí ò ní sí. Àgbọ̀nrín kì í fẹ́ jìnnà sí ibi tó lè yára wọ̀, nítorí náà èéhù tó wà láàárín gbangba á gbó síbẹ̀ láìjẹ. Ètè igbó, ibi tí koríko ti pàdé igi, ni ẹran ti ń pọ̀. Ẹ pín hẹ́kítà 10 tó jẹ́ ọ̀dàn sí ìdá mẹ́ta, kí ẹ gé ìdá kọ̀ọ̀kan sí ọ̀já tóóró tí ìbú rẹ̀ kò ju mítà 50 lọ, kí ẹ máa fi ọ̀já ìdá kan sáàárín ọ̀já ti àwọn ìdá yòókù. Ìdá kan ni kó máa jó lọ́dún. Lọ́nà yẹn, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, èyí tó ti lo ọdún kan àti èyí tó ti lo ọdún méjì á máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà gbogbo. Etí odò, mítà 30 lọ́tùn-ún lósì, iná ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ọ̀nà iná, ìyẹn àyè tí a là kí iná má bàa sọdá, ló ń fa wàhálà jù. Koríko tó ga ní mítà 2, ahọ́n iná rẹ̀ máa ń ga ju koríko fúnra rẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kò lè dá a dúró. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ fi ọkọ́ la ojú ọ̀nà méjì títí erùpẹ̀ á fi hàn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 2, kí mítà 10 wà láàárín wọn. Ẹ ṣán koríko àárín náà mọ́lẹ̀. Á gbẹ nígbà tí ti ìta ṣì tutù, ẹ ó sì lè sun ún láìséwu. Àyè dúdú tó fẹ̀ tó mítà 14 yẹn ló máa dá iná dúró.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sun ọ̀já, ẹ dúró dìrọ̀lẹ́. Ẹ wá ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí ìhà kan. Ọjọ́ tó dákẹ́ pátápátá léwu, torí afẹ́fẹ́ lè yí padà nígbàkigbà. Ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ tanná, kí iná máa dojú kọ afẹ́fẹ́, kó máa rìn jẹ́jẹ́. Kí ènìyàn má dín ní 6, kí ewé tútù wà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ̀rọ ìfọ́nmi tí wọ́n ń gbé kẹ́yìn kún fún omi lásán. Kùkùté ló máa ń dani: á jó lábẹ́lẹ̀ mọ́jú, atẹ́gùn ọ̀sán ọjọ́ kejì á gbé ẹta iná sọdá. Ẹ hú ìdí rẹ̀, ẹ da omi sí i, ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Apẹran:
Iṣẹ́ yẹn pọ̀ jù fún ọdẹ. Ọdẹ á tanná yíká, òyà á jáde, ó parí. Àti pé níbi tí òjò ti pọ̀, ọdún mẹ́ta ti pẹ́ jù. Koríko á ti kún àkúnya, iná rẹ̀ á sì le ju èyí tẹ́ ẹ ń sá fún lọ. Ọdún méjì ló yẹ.

Ọlọ́nà-Iná:
Lórí ọdún méjì, mo lè gbà níbi tí koríko bá ti ń yára ga. Lórí iná àtànyíká, rárá. Iná tó wá láti ìhà mẹ́rin tó sì pàdé láàárín kò fi ọ̀nà sílẹ̀ fún nǹkan kan. Ìjàpá, ẹyin àparò, ọmọ òyà nínú ìtẹ́, abo tó lóyún, gbogbo wọn ló ń bá a lọ. Ìhà kan gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, kó sì kọjú sí ọ̀já tí kò ní í jó lọ́dún náà.

Ẹsẹ̀-Àparò:
Ilẹ̀ ni àparò ń yé sí, kòkòrò sì ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ náà kéré, ó nílò koríko tó bo orí rẹ̀ kí àṣá má rí i, ó sì nílò ilẹ̀ tó mọ́ nísàlẹ̀ kó lè rìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ la koríko. Bẹ́ ẹ bá rí erùpẹ̀ láàárín ìdí koríko kan sí èkejì, ibẹ̀ dára. Bó bá jẹ́ koríko gbígbẹ tó tẹ́ bí ẹní lẹ bá, ọmọ ẹyẹ ò lè gbabẹ̀ kọjá. Ọ̀já tó ti lo ọdún kan lẹ́yìn iná ló sábà máa ń bá a mu jù.

Ìyá Ẹgàn:
Kí ọ̀dàn jó ní ọ̀já-ọ̀já, mo fara mọ́ ọn. Ìdajì tó jẹ́ igi ni kí iná má wọ̀. Ẹ má gé igi tó kú tó ṣì dúró. Inú ihò rẹ̀ ni òwìwí, ọ̀kẹ́rẹ́ àti oyin ń gbé. Ẹ má wó ọ̀gán. Ẹ sì kíyè sí ewé Akíntọ́lá létí igbó. Ó máa ń bo ewé tí ẹran ń jẹ mọ́lẹ̀, tó bá sì gbẹ, òun ló ń gbé iná wọ abẹ́ igi. Iná nìkan ò lè pa á, gbòǹgbò rẹ̀ á tún hù. Ẹ gé e kó tó yọ òdòdó, kẹ́ ẹ hú ìdí rẹ̀ nígbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, kẹ́ ẹ tún padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ á ti rúwé.

Akẹ́ranwò:
Ẹnì kan ò tíì sọ iye tí wọ́n máa pa, bẹ́ẹ̀ iná tó dára jù lọ ò lè gba ẹran lọ́wọ́ ìbọn tí kò mọ̀wọ̀n. Oyún òyà jẹ́ bí oṣù márùn-ún, ó máa ń bí tó ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Oyún àgbọ̀nrín tó oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń bí. Ẹ ò lè fi òṣùwọ̀n kan náà pa méjèèjì. Akọ àgbọ̀nrín ló ní ìwo, nítorí náà ọdẹ tó bá fara balẹ̀ lójúmọmọ lè fi abo sílẹ̀. Ẹtu yàtọ̀, abo rẹ̀ náà lè ní ìwo, ìwo ò sọ nǹkan kan fún ọdẹ. Ẹ fi ẹtu sílẹ̀ ná títí ẹ ó fi mọ iye tó wà. Tọ́ọ̀ṣì alẹ́, ojú tó ń tàn nìkan ló ń fi hàn. Okùn wáyà burú ju ìyẹn lọ: kì í yan ẹran, èyí tó bá sì já a lọ, wáyà á máa gé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú títí tó fi máa kú síbi tẹ́nikẹ́ni ò rí i.

Láti mọ iye tó wà, kámẹ́rà igbó mẹ́rin, irú èyí tó ń dá yàwòrán tí nǹkan bá kọjá níwájú rẹ̀, tó. Ẹ so ó mọ́ igi ní gíga orúnkún. Ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn á fọ́ ọ lójú. Ẹ ṣán koríko iwájú rẹ̀, torí koríko tó bá ń mì á máa jẹ́ kó yàwòrán lásán títí bátìrì á fi kú. Ibi kan náà, àsìkò kan náà, lọ́dọọdún. Ẹ sì máa kọ wákàtí tí ọdẹ lò kó tó rí ẹran kan. Bí wákàtí bá ń pọ̀ sí i lọ́dún méjì léraléra, ẹ dín iye tẹ́ ẹ ń pa kù. Ẹran tó sùn lórí hẹ́kítà 20 yín lè jẹun lórí ilẹ̀ ẹlòmíì kí ilẹ̀ tó mọ́, torí náà ẹ bá àwọn aládùúgbò yín sọ ọ́ kí iye náà tó lè nítumọ̀.

Onílẹ̀ Ìdí-Odò:
Àwọn kan tún ní ká máa da iyọ̀ àti àgbàdo sí ojú kan.

Akẹ́ranwò:
Ẹ má ṣe é. Ẹran tó bá ń péjọ sójú kan á kó àrùn àti aràn ran ara wọn, ẹni tó ń dẹ wáyà á sì mọ ibẹ̀ láìpẹ́. Ẹ tọ́jú igi ọ̀pọ̀tọ́ àti ìyeyè tó wà nínú igbó yín dípò rẹ̀. Ẹtu ń jẹ èso méjèèjì tó bá jábọ́.

Onílẹ̀ Ìdí-Odò:
Òjò ti ń dín kù báyìí. Èwo ni ká kọ́kọ́ mú?

Ọlọ́nà-Iná:
Ọ̀nà iná tó wà ní ìhà ilẹ̀ aládùúgbò, lẹ́yìn náà èyí tó yí etí odò ká. Bí koríko bá gbẹ kẹ́ ẹ tó parí méjèèjì, ẹ má tanná rárá lọ́dún yìí. Ẹ lo ẹ̀ẹ̀rùn náà láti máa ṣa wáyà tí wọ́n ti dẹ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì so kámẹ́rà.