Irọ́ ni pé ọlọ́rọ̀ nìkan ni òwò àgbáyé ń gbè

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n nǹkan l'Ádó-Èkìtì, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé òwò òkèèrè ló ń pa oníṣòwò kékeré, pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Èkó nìkan ló ń jẹ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò ti gbà á gbọ́. Èmi kò gbà á rárá, torí òwò yìí kan náà ló tọ́ bàbá wọn dàgbà.

Kòkó ni mò ń wí. Àwa kọ́ la ń jẹ ẹ́. Igi rẹ̀ gan-an, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Àgbẹ̀ oko kékeré ní Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré ló ń fọ́ ọ, tó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, tó ń sá a sóòrùn, kí àwọn ará òkèèrè tó fi ṣe ṣokoléètì. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí Èkìtì fi ń yangàn, mélòó nínú wọn ni kòkó ò san owó ìwé rẹ̀?

Ẹ tún wo 2024. Àrùn àti ojú ọjọ́ ba kòkó jẹ́ ní Gánà àti Ivory Coast, tọ́ọ̀nù kan sì kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà New York. Ní Gánà, ìjọba ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà. Ní tiwa, wọ́n ti fọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1986, nítorí náà owó yẹn dé oko. Ó já wálẹ̀ ní 2025, òótọ́ ni, ọjà kì í dúró lójú kan.

Ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ tí wọ́n ń gbìn l'Ékìtì níbí ńkọ́? Tòkèèrè gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́ lóòótọ́, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n òkúta ni àwọn ìyá wa ń sá fún, wọn ò sá fún adùn rẹ̀. Ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ 2019 di oṣù kejìlá 2020, òkúta ò tìtorí ìyẹn jáde nínú ìrẹsì. Ẹ̀rọ ló ń yọ ọ́.

Aránṣọ tó wà nítòsí Ọjà Ọba náà ńkọ́? Ẹ̀rọ ìránṣọ, síìpù, fóònù tó fi ń gba ìwọ̀n oníbàárà ní London lórí WhatsApp, èwo la ṣe l'Ádó?

Ohun tó yẹ kó ká wa lára ni àìmúrasílẹ̀. Òfin tí Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, ẹni tó ń kó o wọlé sì gbọ́dọ̀ lè tọ́ka oko tó ti wá. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, wọn ò fagi lé e. Fún oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, àmì kan ṣoṣo tó ń fi ibi tí oko wà hàn lórí máàpù ti tó, fóònù sì lè gbà á. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kòkó ní ìlú kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò yí oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ká, kí wọ́n sì parí rẹ̀ kí kòkó tó ń bọ̀ tó pọ́n.