Yàrà tiwa ńkọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta kó tó di àìsàn sí mi lára.

Àbúrò mi tó wà ní Bristol ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òun àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń rìn lórí òkìtì gígùn kan tí koríko bò, àgùntàn ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní Offa's Dyke nìyẹn, yàrà tí wọ́n ní ọba ilẹ̀ Mercia ní England àtijọ́, tó ń jẹ́ Offa, gbẹ́ sí ààlà ilẹ̀ rẹ̀ àti tàwọn ará Wales, ọba tó jẹ láàárín 757 sí 796. Láti 1971 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà ẹsẹ̀ síbẹ̀, kìlómítà 285, òpó kékeré wà káàkiri tí wọ́n ya àwòrán èso igi kan sí lára, ìyẹn ni wàá máa tẹ̀ lé tó ò fi ní ṣìnà. Tó o bá dé ọgbà ẹni tó ni àgùntàn, géètì wà ńbẹ̀, wàá ṣí i, wàá pa á dé, wàá máa lọ, kò sẹ́ni tó máa lé ẹ. Ó wù mí. Mo kí i dáadáa.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n wa kan ṣe kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé òyìnbó ló mọ ìtàn tọ́jú, pé kí làwa tiẹ̀ ní tá a fẹ́ tọ́jú. Mo kà á, mo tún un kà. Ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹ̀gbọ́n yìí o! Tí èèyàn bá gun ọ̀kadà nílé bàbá rẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa dé ibi tí yàrà tiwa gbà kọjá.

Ẹni tó bá ti ń tẹ̀ lé mi tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Eredo Sungbo, yàrà tiwa yẹn, kì í kúrò lẹ́nu mi. Òkìtì Offa ò fi bẹ́ẹ̀ ga mọ́ báyìí. Tiwa ńkọ́? Láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ sí tó mítà 20 láwọn ibì kan, ó sì yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160, láyé tí kò sí katapílà, tí kò sí típà. Ẹ má bá mi jà lórí ọdún o jàre, mo mọ àwọn tó ní ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún, mo mọ àwọn tó ní kò tó bẹ́ẹ̀, mo sì mọ àwọn tó máa ń gbaná jẹ tẹ́nì kan bá ti ní Bílíkísù Sungbo, obìnrin tí wọ́n ní ó ni yàrà náà, ni Ayaba Ṣẹ́bà inú Bíbélì. Ìyẹn kọ́ ló kàn mí lónìí. 1995 ni wọ́n ti kọ orúkọ Eredo sínú ìwé àwọn ibi tó ń dúró kí UNESCO kà wọ́n mọ́ ogún àgbáyé, ibẹ̀ náà ló ṣì wà tó ń dúró. Nígbà tí Patrick Darling, òyìnbó tó wá láti yunifásítì Bournemouth, wọnú igbó yẹn kiri tó ń wọ̀n ọ́n, tí BBC wá gbé e ní 1999, gbogbo wa la ń fọ́nnu nílé. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ọ̀nà ẹsẹ̀ dà? Òpó dà?

Ni mo bá gbéra lọ́jọ́ Sátidé, mo ní èmi náà á rin tèmi, èmi náà á fi fọ́tò ránṣẹ́.

Mo béèrè ní gáréèjì. Ẹni àkọ́kọ́ ní ṣé ìlú Eredo lọ́nà Ẹ̀pẹ́ ni mò ń wí. Ẹnì kejì ní ibi sàréè Bílíkísù Sungbo ní Òkè-Ẹrì ni mò ń wá. Mo ti dé Òkè-Ẹrì rí, obìnrin kì í wọ ibi sàréè yẹn, mo dúró níta bí wọ́n ṣe ní ká dúró, mo gbàdúrà mi. Obìnrin ni wọ́n ní ó sùn síbẹ̀, obìnrin la tún ní kó má wọlé, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn. Ọlọ́kadà kan ló gbọ́ mi yé. Ó ní, “Màmá, kòtò yẹn lẹ̀ ń wá? Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ńbẹ̀?” Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá ọdẹ kan ní abúlé kan, mi ò ní dárúkọ abúlé náà, ẹ máa rí ìdí ẹ̀.

Bàbá wọ sílípáàsì, àdá lọ́wọ́, làbà léjìká. Èmi tí mo wọ kánfáàsì tuntun ni mò ń yọ̀ kiri. A gba inú oko kòkó, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, lójijì ilẹ̀ já sísàlẹ̀ níwájú mi báyìí, Bàbá ní kí n di gbòǹgbò mú kí n máa fìdí wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Òtútù ibẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí fíríìjì síni lójú. Ariwo ọkọ̀ tá à ń gbọ́ lókè kú pii. Ògiri ga lọ́tùn-ún, ó ga lósì, ó dúró ṣánṣán, ilẹ̀ pupa tó le bí òkúta, nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó rọ̀ bí òwú ló bò ó, omi ń kán tó, tó látara gbòǹgbò. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Nígbà tí mo gbé e kúrò, ojú ìka mi márààrún hàn ketekete, omi sì rọra ń sun sínú wọn. Mo wá ń rò ó pé ẹni tó gbẹ́ ibí yìí náà á ti fọwọ́ ti ògiri yìí lọ́jọ́ kan, á mí kanlẹ̀, á tún gbé ọkọ́. Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́. Bàbá ò wo ògiri ní tiẹ̀, ìgbín ló ń ṣà sínú làbà.

A rìn tó wákàtí kan. Nígbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, páńpáàsì ọmọ, ìgò fífọ́, gbogbo ìdọ̀tí tí wọ́n ń da sílẹ̀ látòkè. Mo ní ó dáa, ìyẹn ṣeé kó. A tún yà díẹ̀, oòrùn kàn là sí mi lójú, kò sí ògiri mọ́! Wọ́n ti wa òkìtì náà lọ. Bí ìgbà tọ́mọdé bu búrẹ́dì jẹ láàárín, ojú táyà típà ṣì wà nílẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ gbẹ sí. Bàbá ní yẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n ń kó, wọ́n fi ń kún ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé lé. Iṣẹ́ tó dúró látayébáyé, wọ́n fi kún kòtò ẹlòmíì! Mo jókòó sórí igi kan tó wó, itọ́ gbẹ lẹ́nu mi.

Mo ní, “Bàbá, ẹ ò rí nǹkan? Ká ní ọ̀nà wà níbí ni, ká ní òpó wà, táwọn èèyàn ń rìn gba ibí kọjá lójoojúmọ́, ta ló máa gbé típà wọbí?”

Bàbá dá mi lóhùn wẹ́rẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ilẹ̀ oko mi lo jókòó lé yìí. Kòkó mi ló wà lókè níbí, ti àbúrò mi ló wà lápá ọ̀hún. Àwọn tí ilẹ̀ wọn wà létí títì, bọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn bọ́ọ̀dù ni wọ́n rí katapílà. Ibi tí típà dé yìí, wọ́n la ọ̀nà sí i ni wọ́n fi rí i. Ibi tá a ti ń bọ̀ yẹn, tí o ń fọwọ́ pa ògiri, ṣé o rí ọ̀nà débẹ̀?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé irú ọ̀nà tí mò ń wí kọ́ nìyẹn, pé àwọn ọdẹ bíi tiẹ̀ ni kó máa mú èèyàn rìn, kí owó ẹ̀ máa bọ́ sí àpò wọn, kí kòkó wọn wà níbi tó wà, bí àgùntàn ọlọ́gbà ṣe wà níbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrà Offa. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló máa fọwọ́ sí i fún Bàbá pé bó ṣe máa rí nìyẹn? Èmi? Bàbá ti dìde, ó ń nu ojú àdá ẹ̀ mọ́ ewé.

Fọ́tò mọ́kànlá ló wà lórí fóònù mi. Ọ̀kan nínú wọn ni ojú ìka mi lára ògiri yẹn. Láti àná ni mo ti fẹ́ fi wọ́n sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kọ, kó rí nǹkan tó ní a ò ní. Mo tẹ orúkọ abúlé náà sí i. Mo pa á rẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún pa á rẹ́.