Ẹ Yà Á Kó Jọ Mí, Ṣùgbọ́n Ẹ Fi Imú Sílẹ̀

Bí ọjọ́ ìbí ọmọge bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì lágbègbè Under G ní Ogbómọ̀ṣọ́, kéèkì kọ́ ló ń wá mọ́. Ayàwòrán ló ń wá, ẹni tí yóò fi pẹ́ńsù ya ojú rẹ̀ sórí pépà A2, kí wọ́n sì fi férémù olómi góòlù gbé e. Ogbómọ̀ṣọ́ ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan! Àwọn tòde òní ti fi kún un: wọ́n ń ra férémù kí wọ́n tó ní ògiri. A2 ga ní sẹ̀ǹtímítà 59.4, ó fẹ̀ ní 42, férémù ò tíì sí níbẹ̀ o. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí bẹ́ẹ̀dì, sílíńdà gáàsì àti àpò gàrí ti gbà tán, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni sisí orí pépà ń dúró sí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ yà á kó jọ mí o." Ó dáa. Fọ́tò dà? Fọ́tò dé, fóònù ti bó o bí ẹyin sísè. Fílítà ti fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti fa àgbọ̀n ṣóńṣó, ihò méjì péré ló ṣẹ́ kù níbi tí imú wà. Bẹ́ẹ̀ òjìji ni wọ́n fi ń ya imú. Kò ní ìlà kankan téèyàn lè tọ̀: ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e lórí àti òkùnkùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e dìde. Pẹ́ńsù ní oríṣi, bí nọ́ńbà iwájú B bá ṣe ga tó ló ṣe ń dúdú tó: HB ni wọ́n fi ń fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́, 2B ni ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, 4B àti 6B ni ti ẹ̀gbẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n. Lórí irú fọ́tò yìí, 6B á kàn jókòó kalẹ̀ bí ọmọ tó jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́. Òjìji tí fèrèsé kan ìbá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, dátà ló fi pa á rẹ́.

Gèlè kì í lo fílítà, òun nìkan ló máa ń jọ ara rẹ̀. Irun ìpénpéjú àtọwọ́dá ńkọ́? Láti ìdí ni wọ́n ti ń fà á jáde, kí ọwọ́ máa fúyẹ́ bó ṣe ń lọ sókè. Bó bá gùn dọ́gba, ìgbálẹ̀ ni.

Wọ́n á ti fa àpótí onígun mẹ́rin sórí fọ́tò àti pépà láti fi wọn gbogbo rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 2 lórí fọ́tò sí 6 lórí pépà, kí ìpè tó wọlé: "Ẹ bá mi la ojú yẹn sí i díẹ̀." Ojú á kúrò nínú àpótí rẹ̀, ó di ọmọ ẹlòmíràn. Kí wọ́n fi páálí tí wọ́n gé àárín rẹ̀ sáàárín pépà àti gíláàsì, á ní owó ti tán. Òjò á rọ̀, ọ̀rinrin á wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

Ìyá àgbà á wá wò ó títí: "Ọmọ ta nìyí?" Ojú ìyá yìí gan-an ni kì í yọ ayàwòrán lẹ́nu: gọ̀ǹbọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìhunjọ iwájú orí, gbogbo rẹ̀ ni 6B á jẹ yó. Sisí gbà bẹ́ẹ̀, ó san àsansílẹ̀ àwòrán ìyá àgbà.

"Ṣùgbọ́n, bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa yọ ilà yẹn kúrò o."